Kí ni wọ́n ń pè ní jíìnì ọpọlọ gan-an?

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, bayọ́lọ́jì ni mò ń kọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó pé nínú gbogbo jíìnì ara èlírí, ìyẹn àwọn àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, bíi 80 nínú 100 ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀. Kí kíláàsì tó tú, ó tún ní ká lọ kọ ojú ewé márùn-ún lórí bí wọ́n ṣe ń dá jíìnì ọpọlọ mọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Látìgbà náà ni mo ti ń rò ó. Bí 80 nínú 100 bá wà níbẹ̀, èwo la wá ń pè ní jíìnì ọpọlọ? Ó dà bí ìgbà tí èèyàn na ìka sí gbogbo ọjà Bódìjà, tó ní ìsọ̀ màmá òun nìyẹn. Ẹ bá mi là á yé bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

Kò_dá_mi_lójú

Èlírí wá ní ọpọlọ, akẹ́kọ̀ọ́ ní kò yé òun 😂

Àyìndé_Láàbù

Má dá a lóhùn, àbúrò. Ìbéèrè gidi lo béèrè.

Ọ̀dọ̀ Allen Institute ní Seattle ni iye tí olùkọ́ rẹ kọ yẹn ti wá. Paul Allen, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá Microsoft sílẹ̀, ló gbé mílíọ̀nù 100 dọ́là kalẹ̀ ní 2003 pé kí wọ́n lọ wo jíìnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n mọ ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Akọ èlírí ọlọ́jọ́ 56 ni wọ́n lò. Wọ́n gbé ọpọlọ náà sínú yìnyín, wọ́n rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí o bá to ogójì rẹ̀ léra wọn, gíga rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ. Jíìnì bí 20,000 ni wọ́n wò báyìí. Wọ́n parí ní 2006, àbájáde rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn Nature ní January 2007.

Bí wọ́n ṣe ń rí i nìyí. Jíìnì tó bá ń ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì á ṣe àdàkọ rẹ̀ sórí RNA, bí ẹni da ojú ewé kan kọ láti inú ìwé ńlá. Ìwọ náà á lọ ṣe ègé RNA mìíràn tó jẹ́ ìkejì ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́, wàá so nǹkan tó lè mú àwọ̀ jáde mọ́ ọn, wàá dà á sórí ọpọlọ tí o rẹ́. Ibi tó bá ti bá ìkejì rẹ̀ pàdé ló máa lẹ̀ mọ́. Wàá fọ ìyókù dànù. Lẹ́yìn náà lo máa da oògùn àwọ̀ sí i, wàá jókòó tì í. Yóò kọ́kọ́ dà bíi pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tó bá yá, àmì á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, á dúdú bí àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Èyí kì í ṣe àpèjúwe lásán o: ìbátan aró ni oògùn tí à ń lò fún un. Ìyá mi àgbà tó jẹ́ aláró ní Òṣogbo ì bá mọ àwọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀.

Nípa 80 tí olùkọ́ rẹ sọ: "ó wà níbẹ̀" ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé "ibẹ̀ nìkan ló wà." Àwọn kan nínú jíìnì yẹn, iṣẹ́ ilé ni wọ́n ń ṣe, bíi kí sẹ́ẹ̀lì rí agbára lò, kó palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Kò sí sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe é. Ohun tó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ náà ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ nínú ọpọlọ ló ń lò wọ́n.

Awo_Òṣogbo

Àyìndé, o dárúkọ ìlú mi, mo gbọ́dọ̀ dá sí i.

Odù 256 ni babaláwo kọ́. Ẹ ò rí ọjọ́ kan tó kì gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó wá dáfá. Èyí tó hù lójú ọpọ́n ló ń kì. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, odù kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ tí kálukú ń kì ló yàtọ̀.

Àyìndé_Láàbù

Bàbá, mo ti jí àpèjúwe yìí gbé, ẹ má pè mí lẹ́jọ́. Àfi pé ní tiyín, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń yan odù. Nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn púrótéènì kan ló ń jókòó lórí DNA, ìyẹn okùn tí jíìnì wà lára rẹ̀, tí wọ́n ń sọ pé kì èyí, dákẹ́ lórí tọ̀hún.

Awo_Òṣogbo

Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń yàn án?

ÌyáÌbejì

Ẹ má bínú pé mo yà sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé. Àkọlé yìí ló dá mi dúró.

Mo ní àbúrò ọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì tí oorun ti ń gbé e lọ lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ti oorun kọ́ ló tilẹ̀ ń bà wá lẹ́rù, ti ẹ̀rín ni. Níbi ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa, MC dá àpárá kan, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Àgbọ̀n rẹ̀ kọ́kọ́ já wálẹ̀, orúnkún rẹ̀ yẹ̀, àwo ìrẹsì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra wó bí aṣọ tó já lórí okùn. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń gbọ́ gbogbo ariwo tí à ń pa lé e lórí. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi dìde tó ní kí wọ́n má pariwo mọ́.

A ti gbé e gun orí òkè. Wọ́n ti fún un lágbo mu. Olùkọ́ rẹ̀ ní ọ̀lẹ ni. Ilé ìwòsàn kan ní wárápá ni, ó lo oògùn rẹ̀ oṣù mẹ́fà, kò yí padà. Ẹnì kan wá ní inú ọpọlọ ló ti wá. Ṣé jíìnì ni? Ṣé àwọn ọmọ mi náà lè ní i?

Àdùkẹ́_Houston

ÌyáÌbejì, ẹ kú ìfaradà, ma. Èmi kì í ṣe dókítà ìṣègùn, láàbù ni mo wà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti dókítà. Àmọ́ kí ara dẹ̀ nígbà ẹ̀rín, kí ojú là sílẹ̀ kí etí sì máa gbọ́, kí oorun tún máa gbé èèyàn lójú ọ̀sán, ó jọ àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní narcolepsy. Ẹ béèrè dókítà tó ń wo àìsàn ọpọlọ àti iṣan, kẹ́ ẹ sì sọ ti ẹ̀rín yẹn fún un bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí. Àwọn èèyàn kì í sọ ọ́, wọ́n á ní ti oorun nìkan.

Ó wá ṣe kòńgẹ́, torí kò sí ohun tó dáhùn ìbéèrè Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀ tó ìtàn àìsàn yìí. Ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn onímọ̀ kan ní ilé ìwádìí Scripps ní California ń wá jíìnì tó jẹ́ pé inú hypothalamus ló ti ń ṣiṣẹ́ jù. Ibi kan báyìí ni hypothalamus nísàlẹ̀ ọpọlọ, kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ mélòó kan lọ, òun ló sì ń darí ebi, òùngbẹ, ooru ara àti oorun. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ ti ibẹ̀? Wọ́n yọ ohun tí jíìnì ń kọ níbẹ̀ láti inú ọpọlọ eku, wọ́n tún yọ ti apá méjì mìíràn nínú ọpọlọ, cerebellum àti hippocampus. Wọ́n pò wọ́n pọ̀ kí kálukú wá ìkejì rẹ̀. Èyí tó bá rí ìkejì láti apá mìíràn, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ń lò ó lọ́hùn-ún náà, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Àwọn àpọ́n tí wọn ò rẹ́ni fẹ́ ló kù. Àwọn àpọ́n yẹn gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1996, wọ́n fún àwọn ègé náà ní nọ́ńbà, ọ̀kan nínú wọn sì ni nọ́ńbà 35.

Àbúrò, dídámọ̀ nìyẹn. Wọ́n mọ àdúgbò tí nọ́ńbà 35 ń gbé, wọn ò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n ka lẹ́tà inú rẹ̀ tán, wọ́n rí i pé púrótéènì tó ń ṣe, wọ́n máa ń gé e sí kéékèèké méjì bí ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Wọ́n wo ibi tó wà: ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀gbẹ́ hypothalamus ló ń ṣe é. Lára ènìyàn, bí 70,000 ni sẹ́ẹ̀lì yẹn, nínú ọpọlọ tó ní bílíọ̀nù 86. Àmọ́ okùn tí wọ́n ta jáde dé ibi gbogbo. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1998 wọ́n sọ ọ́ ní hypocretin.

Ní àkókò yẹn kan náà, Masashi Yanagisawa àti Takeshi Sakurai ní Dallas gba ẹ̀yìnkùlé dé ibẹ̀. Àwọn ní ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ìyẹn ibi tí iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì kan rán ń gbà wọ inú òmíràn, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọ́n rí i. Wọ́n fi sínú ọpọlọ eku, eku ń jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n bá sọ ọ́ ní orexin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìyánu oúnjẹ. Jíìnì kan, orúkọ méjì, títí dòní. Gbogbo ayé gbà pé ti oúnjẹ ni.

Ọdún kan péré ni ìgbàgbọ́ yẹn lò. Ní 1999, àwọn ará Dallas bí èlírí tí wọ́n ti yọ jíìnì náà kúrò lára rẹ̀, wọ́n sì gbé kámẹ́rà tó ń ríran lókùnkùn síwájú rẹ̀ lóru, torí òru ni èlírí ń jáde. Wọ́n rí i tó ń rìn, tó ń họ ara, lójijì ó wó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pẹ́, ó dìde, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò? Wárápá. ÌyáÌbejì, ẹ ò rí i pé ilé ìwòsàn yín nìkan kọ́. Ìgbà tí wọ́n ka iná ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé oorun ni.

Ní Stanford ẹ̀wẹ̀, William Dement ti ń tọ́jú àwọn ajá Doberman kan láti bí ogún ọdún ṣáájú, ajá tó jẹ́ pé bí inú wọn bá dùn sí oúnjẹ, wọ́n á ṣubú tì í. Emmanuel Mignot fi ọdún mẹ́wàá wá ohun tó fà á. Ọdún 1999 yẹn náà ló rí i: ilẹ̀kùn ló bàjẹ́ lára ajá, kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí ibi wọ̀.

Ó wá ku ènìyàn. Ní 2000, wọ́n wo ọpọlọ àwọn tó ní àìsàn náà lẹ́yìn ikú wọn. Jíìnì wọn pé, àfi ti ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Ilẹ̀kùn wọn pé. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é ni kò sí mọ́, 85 sí 95 nínú 100 ti kú. Èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé àwọn ọmọ ogun ara fúnra wọn ló ṣì wọ́n mú fún ọ̀tá.

Nítorí náà, ma, tó bá jẹ́ pé òun náà ni, kì í sábà jẹ́ ohun tí òbí fi sílẹ̀ fọ́mọ lọ tààrà. Ẹ má kó àyà sókè nítorí àwọn ìbejì.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé orúkọ jíìnì kì í sọ iṣẹ́ rẹ̀?

Àdùkẹ́_Houston

Orúkọ máa ń sọ ohun tí ẹni tó kọ́kọ́ rí i ń wò lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń wo àwo oúnjẹ á rí oúnjẹ. Irọ́ kọ́ ni, ó ṣì ní ọwọ́ nínú ebi. Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 2014 láti inú iṣẹ́ yìí, suvorexant, àwọn tí kò rí oorun sùn ni wọ́n ń fún, ó ń dí ilẹ̀kùn yẹn.

Kò_dá_mi_lójú

Gbogbo ìtàn yìí dára. Ẹ wá sọ ti Ìbàdàn. Wọ́n wá gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wa, wọ́n kó o lọ Amẹ́ríkà. Jíìnì ọpọlọ Yorùbá ti wà nínú fìríísà wọn tipẹ́. Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Peckham

Ó ti dé o. Mo ti ń retí rẹ látàárọ̀.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ jẹ́ n dá a lóhùn, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló tọ̀nà. HapMap ló ń sọ, iṣẹ́ ìwádìí tó wo bí jíìnì àwọn èèyàn ayé ṣe yàtọ̀ síra. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002, èèyàn 90 ló wà nínú ti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, ìdílé 30. YRI ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀, gbogbo onímọ̀ jíìnì lágbàáyé ló mọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gbà. Sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n tọ́jú.

Ẹ padà sí odù tí Bàbá Awo sọ. Ìwé odù pé nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń kì ni ẹ máa gbọ́ níbẹ̀. Ohun tí ọpọlọ ń kì, ẹ ò lè gbọ́ ọ láti inú ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà 35 yẹn, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ò ní í ṣí ojú ewé rẹ̀. Nítorí náà, bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ Yorùbá ò sí nínú fìríísà HapMap. Tèmi ni pé ohun tó yẹ kó dùn wá gan-an nìyẹn, pé kò sí. Ọpọlọ tí àwọn aládùúgbò àwọn onímọ̀ òyìnbó fi sílẹ̀ lẹ́yìn ikú ni wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ àwòrán jíìnì ọpọlọ ènìyàn. Ní 2024, Lieber Institute ní Baltimore gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọpọlọ aláwọ̀ dúdú 151 ní Amẹ́ríkà. Ní Ìbàdàn, wọ́n ti dá báńkì ọpọlọ tiwa sílẹ̀. Ta ló máa fún wọn? Bàbá tèmi kú, ta ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹbí pé kí wọ́n yọ ọpọlọ rẹ̀ kí a tó sin ín?

Awo_Òṣogbo

Orí ni o. Wọn ò ní gbà.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ rí i báyìí, Bàbá. Bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi yẹ ká wo tiwa wà. APOE ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Irú rẹ̀ kan, e4, ń mú kí àrùn ìgbàgbé Alzheimer tètè mú òyìnbó. Wọ́n fi àwọn arúgbó Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. Ní 2001 wọ́n tẹ èsì jáde: láàárín ọdún kan, 1.15 nínú 100 ló ń bọ́ sínú Alzheimer ní Ìbàdàn, 2.52 ní Indianapolis. Ipa e4 kò sì hàn ní Ìbàdàn bó ṣe hàn lọ́hùn-ún. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ará Ìbàdàn tó ní e4? Ẹ̀jẹ̀ ò lè sọ ọ́.

Kò_dá_mi_lójú

Ó dáa, mo gbà. Ti èrè ńkọ́?

Àdùkẹ́_Houston

Ìyẹn náà ṣẹlẹ̀. Ní 1991, onímọ̀ jíìnì kan, Craig Venter, nígbà tó ṣì wà ní NIH, ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà, ka ègé jíìnì tó lé ní 600 láti inú ọpọlọ ènìyàn, 337 nínú wọn jẹ́ jíìnì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí. NIH bá lọ fi orúkọ ìjọba béèrè fún ẹ̀tọ́ ìní lórí wọn, láìmọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe. Bí ẹni gbé àkọlé "ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà" sórí ilẹ̀ tí kò tíì dé rí. James Watson, tó ń darí iṣẹ́ jíìnì ènìyàn ní NIH nígbà náà, ta kò ó, ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tó mú un fi ipò sílẹ̀ ní 1992. NIH jáwọ́ ní 1994. Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà wá sọ ọ́ gbangba pé DNA bí Ọlọ́run ṣe dá a, kò ṣe é fi gba ẹ̀tọ́ ìní.

Àyìndé_Láàbù

Kí n fi èyí kún un fún àbúrò wa, torí ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dà bíi pé ohun gbogbo ń lọ geere. RNA ò fẹ́ ìyà. Òógùn ọwọ́ lásán lè jẹ ẹ́ tán. Ìbọ̀wọ́ lo máa wọ̀ ṣáá, o fọwọ́ kan fóònù, pààrọ̀ ìbọ̀wọ́. Láàbù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nílé, ọpọlọ eku oṣù mẹ́jọ wà nínú fìríísà tó tutù dé òdì 80. Ọjọ́ Jímọ̀ kan iná lọ, dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀, kálukú rò pé ẹlòmíràn ti rà á. Àárọ̀ Mọ́ńdè mo ṣílẹ̀kùn, omi ń kán. Ojú kò rí àyípadà kankan lára ọpọlọ yẹn, ó dà bó ṣe wà. Mo yọ RNA rẹ̀, ó ti já wẹ́wẹ́ bí gàrí.

Nísinsin yìí, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, kì í ṣe jíìnì kọ̀ọ̀kan mọ́. Ní December 2023 wọ́n gbé ti odindi ọpọlọ èlírí jáde: bíi mílíọ̀nù mẹ́rin sẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀wọ́ tó lé ní 5,300. Bí o bá bi mí, ìdáhùn ìbéèrè rẹ nìyẹn. Jíìnì kan ṣoṣo kì í jẹ́ ti ọpọlọ. Àwọn tó pé jọ sínú sẹ́ẹ̀lì kan, àti àwọn tó dákẹ́ níbẹ̀, la fi ń mọ sẹ́ẹ̀lì náà.

Akẹ́kọ̀ọ́Ifẹ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Nọ́ńbà 35 ni mo máa fi ṣe gbogbo ojú ewé márùn-ún. Bàbá Awo, mo máa fi odù bẹ̀rẹ̀.

Awo_Òṣogbo

Dá mi mọ̀ níbẹ̀ o. Awo Òṣogbo ni kó o kọ.

ÌyáÌbejì

A ti rí dókítà. Mo sọ ti ẹ̀rín fún un, ó gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó ní kí n tún un sọ. Ó ní ká dá oògùn wárápá yẹn dúró díẹ̀díẹ̀, ká má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì máa yẹ oorun rẹ̀ wò.

Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀, mo ka ti èlírí àti kámẹ́rà yẹn fún àbúrò mi. Ó ní "ṣé èmi àti èlírí la wá di ẹgbẹ́?" Ẹ̀rín gbé e. Mo ti di apá rẹ̀ mú kó tó rọ̀.